CV ojú ewé mẹ́rin, àti ọdún méje tí kò sí nínú rẹ̀

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹta ọdún 2024, Ìyá Ìbejì gbé fọ́ọ̀nù rẹ̀ ka iwájú mi lórí tábìlì ní pálọ̀ wa ní Kubwa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo CV mi yìí. Mo ti fi ránṣẹ́ sí ibi 37. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti pè mí, ohun tí ojú mi sì rí níbẹ̀, n kò tíì lè rò ó tán fún Bàbá Ìbejì."

Ọdún 14 ni mo ti fi ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́ nílùú Abuja, ní ilé iṣẹ́ aládàáni lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní NGO. CV tí mo ti kà kò níye. Ìyá Ìbejì ló yọ̀ǹda kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ó ní kí n má ṣáà dárúkọ òun tàbí àwọn ibi tí òun dé. Mo ń kọ ọ́ nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀ láàárín wa, láti Kubwa dé Lugbe dé Mararaba: obìnrin tó kàwé, tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹní mowó, tí ìtọ́jú ọmọ dá a padà sílé, tó sì wá fẹ́ jáde padà lónìí pẹ̀lú ìwé tí kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Ẹni ọdún 41 ni nígbà náà. Ó gba HND nínú ìṣirò owó ní Ìlọrin, ó sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Minna láàárín 2007 sí 2008, ó sì ríṣẹ́ ní 2009 sí ilé iṣẹ́ kan ní Wuse 2 tó ń ta ẹ̀yà ara jẹnẹrétọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ bí agbowó, ó di ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú ìwé akáúǹtì. Ní 2017 ó bí ìbejì. Kẹ́hìndé kò lágbára, ìrìn ọsibítù kò dáwọ́ dúró, ìyá rẹ̀ tó wà ní Ọ̀fà kò sì lè fi bàbá àgbà sílẹ̀ wá. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà kọjá. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí jálá epo kan fò kọjá 500 náírà ní Abuja, owó oṣù ẹnì kan kò ká ilé náà mọ́. Ìgbà náà ló wá CV rẹ̀ àtijọ́ jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti pè é nìyí.

Oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ni, ilé iṣẹ́ kan ní Maitama. Àwọn mẹ́ta ló jókòó dè é. CV rẹ̀ sọ pé ó wà ní ilé iṣẹ́ Wuse 2 yẹn láti 2009 "títí di òní". Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ló kúrò níbẹ̀. Ọmọkùnrin tó bá a tẹ CV náà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ló sọ fún un pé bó bá kọ ọdún tó kúrò, kò sẹ́ni tó máa pè é, òun náà sì gbà. Akáúǹtáǹtì àgbà tó jókòó láàárín bi í ní ìbéèrè kan tí kò le rárá, nípa VAT, owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà: "Madam, VAT ilé iṣẹ́ yín ti oṣù tó kọjá, báwo lẹ ṣe ṣe é?"

Ó dáhùn bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní òun á ṣírò 5% lórí ọjà tí wọ́n tà, òun á kọ fọ́ọ̀mù, òun á san owó ní báǹkì, òun á sì gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì FIRS, àwọn tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí i.

Ìdáhùn yẹn dára, ká ní ọdún 2017 la wà. VAT ti di 7.5% láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2020. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021, FIRS ti kó iṣẹ́ náà lọ sórí TaxPro-Max lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí bí ènìyàn ṣe máa wà lẹ́nu iṣẹ́ akáúǹtì ní Nàìjíríà ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kó má mọ̀. Ọkùnrin náà kò jágbe mọ́ ọn. Ó tún CV náà gbé, ó fi ìka sórí "títí di òní", ó ní, "Madam, ìgbà wo gan-an lẹ kúrò níbẹ̀?"

Ìyá Ìbejì ní ẹ̀rọ amúlétutù yàrá náà ń fẹ́ dáadáa, síbẹ̀ òógùn ń ṣàn lẹ́yìn òun. Ó sọ òtítọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì pè é mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí ohun tí mo rí nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí òun rí. Lójú tirẹ̀, ọdún tí kò fi ṣiṣẹ́ ló ṣe é ní ibi. Mo bi í pé, "Ká ní CV rẹ sọ pé 2017 lo kúrò ńkọ́? Ohun tí o ṣe ní 2017 ni ọkùnrin yẹn ìbá bi ọ́, wàá sì dá a lóhùn láìkọsẹ̀. Ọdún mẹ́fà tí ẹ fi kún un yẹn ló sọ ìdáhùn tó dára di ìdáhùn ẹni tí kò mọṣẹ́." Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wo fọ́ọ̀nù náà.

A wá ka CV ọ̀hún láti òkè délẹ̀. Ojú ewé mẹ́rin. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù wà lókè. Ó tẹ̀ lé e ní ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀sìn, pé ó lọ́kọ, iye ọmọ. Ìlà gígùn kan wà tó sọ pé ó ń wá ibi tí òun á ti lè fi ìwọ̀nba tòun kún ìdàgbàsókè ilé iṣẹ́, ìlà kan náà tí mo máa ń bá nínú ìdajì CV tó ń dé ọ́fíìsì wa. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọdún tó wọlé àti ọdún tó jáde. Iṣẹ́ tó fi ọdún mẹ́jọ ṣe kò yọjú títí a fi dé ojú ewé kẹta, ìlà mẹ́ta péré: ó ń kọ ìwé owó, ó ń gba owó, ó sì ń ṣe ohun mìíràn tí ọ̀gá bá rán an. Ọmọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ló bá a fi kún un ní ìparí pé ó fẹ́ràn ìwé kíkà àti ìrìn àjò.

Mo mọ ibi tí àṣà ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ti wá. Ní Abuja, ìjọba àpapọ̀ ni agbanisíṣẹ́ tí ojú gbogbo wa ń wò. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 14, sọ pé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ìpínlẹ̀ díẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀ nìkan, Federal Character Commission sì wà láti máa ṣọ́ ọ. Nítorí náà, fọ́ọ̀mù ìjọba á béèrè ibi tí o ti wá, o sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ láìṣì í. Àmọ́ fọ́ọ̀mù kì í ṣe CV. Nígbà tí mo bá ń ka CV fún NGO tàbí ilé iṣẹ́ aládàáni, n kò nílò láti mọ ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni, n kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìlà mẹ́jọ tí wọ́n fi ṣòfò síbẹ̀ ni ìlà mẹ́jọ tí iṣẹ́ rẹ kò ráyè jókòó sí.

Ohun méjì ló já mi láyà ju gbogbo ìyẹn lọ. Ìkíní, nọ́ńbà NIN rẹ̀ wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní yóò jẹ́ kó dà bí ẹni gidi. Ibi 37 ni nọ́ńbà yẹn ti dé, ó kéré tán mẹ́wàá nínú wọn jẹ́ ìkéde WhatsApp tí kò mọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí: NIN àti BVN kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe nínú CV. Ilé iṣẹ́ tó bá gbà ọ́ ni yóò béèrè é lọ́wọ́ rẹ. Ìkejì, nọ́ńbà fọ́ọ̀nù tó wà lókè CV náà wà lára àwọn láìnì tí wọ́n tì pa ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2024 nítorí pé wọn kò so wọ́n mọ́ NIN. Láìnì àtijọ́ ni, ó ti ń lo òmíràn fún ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn, kò lè mọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún ti bá a ṣe òmíràn lórí Canva, aláwọ̀ búlúù, tó pín sí apá méjì, tó rẹwà lójú. Mo ní kó da gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú WhatsApp kó fi ránṣẹ́ sí ara rẹ̀. Ohun tó jáde bà á nínú jẹ́. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá, nítorí àwòrán ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn ọdún kó ara wọn jọ sí ìsàlẹ̀, iṣẹ́ Wuse 2 sì há sáàárín ilé ìwé girama àti ìlà ìwé kíkà. Mo sọ fún un pé bí ẹ̀rọ tí àwọn NGO ńlá àti báǹkì fi ń to CV ṣe lè rí tirẹ̀ nìyẹn kí ojú ènìyàn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, Word lásán la lò, apá kan ṣoṣo, lẹ́tà dúdú, láìsí àpótí, láìsí fọ́tò.

Nígbà tí a fẹ́ kọ iṣẹ́ Wuse 2 tuntun, kò rántí oṣù tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò rántí ìgbà tí wọ́n gbé e sókè. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ ti sọnù nígbà tí wọ́n kó kúrò ní Nyanya. Mo ní kó lọ gba àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń bá a tọ́jú rẹ̀. Ìwé yẹn kì í purọ́. Oṣù tí agbanisíṣẹ́ kọ́kọ́ san owó àti oṣù tó san kẹ́yìn ló wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013 owó tó ń wọlé ga sí i lójijì, ó sì kígbe pé, "Oṣù tí wọ́n fún mi ní ìgbéga nìyẹn!" Nígbà tó yá, ó fi ìka sórí ibòmíràn, apá ìparí 2014, tí owó náà tún pọ̀ sí i. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Òfin tuntun lórí owó ìfẹ̀yìntì ló jáde lọ́dún yẹn, tó sọ ti òṣìṣẹ́ di 8% tó sì sọ ti agbanisíṣẹ́ di 10%. "Èmi ni mo tún ti gbogbo wa ṣírò. Àwa 22. Ọ̀gá kò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Mo ní, "Ó dáa. Kọ ìyẹn sílẹ̀." Ó ní ṣé irú ìyẹn náà ni wọ́n ń kọ sínú CV. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ibi tí a ti kọ pé ó ń kọ ìwé owó, a yí i padà. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì la kọ ọ́, àmọ́ ohun tó sọ ni pé: ní 2014, nígbà tí òfin tuntun dé, mo tún ìṣirò owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ 22 ṣe, mo sì ń bá ilé iṣẹ́ san án lóṣooṣù títí mo fi kúrò. Ẹni tó bá ka ìlà kan yẹn ti mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó tún ti ṣe ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáúǹtáǹtì ilẹ̀ wa, dé ìpele Skills, ó ku ìwé méjì, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́ torí pé kò parí rẹ̀. A kọ ọ́ bó ṣe wà: ìwé tó yege, ìwé tó kù.

Lẹ́yìn ìyẹn la wá dé orí ọdún méje.

Mo bi í pé kí ló ṣe láti 2017. Ó ní, "Mo wà nílé." Mo tún béèrè. Ó ní òun ń ta oúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Mo ní díẹ̀díẹ̀ tó báwo? Ó wá di pé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wà ní ọjà Zuba, ó ń ra iṣu, tòmátò àti ata fún ilé 31 ní Kubwa, á sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà kálukú. Ó ṣí fọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fi ṣéẹ̀tì Excel kan hàn mí: ọjọ́, ilé, ọjà, iye tó rà á, iye tó tà á, gbèsè. Gbogbo gbèsè ọdún mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ó sì fi pupa kun àwọn tó ti lé ní ọgbọ̀n ọjọ́. Mo béèrè pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun, iṣẹ́ òun ṣáà ni.

Ó wá sọ èkejì bí ẹni ń sọ ohun tí kò tó nǹkan: láti 2020 òun ni akọ̀wé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ 64. Òun ló ń kọ owó tí kálukú dá, ẹ̀yáwó tí wọ́n yá, èlé rẹ̀, òun ló sì ń fi ìwé ẹgbẹ́ wé ìwé báǹkì lóṣooṣù. Ní 2022 ó rí i pé báǹkì yọ owó kan lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ lẹ́tà, wọ́n sì dá a padà.

Inú bí mi díẹ̀, kì í ṣe sí i. Ọdún mẹ́rin iṣẹ́ akáúǹtì tòótọ́ ni obìnrin yìí ń pè ní "mo wà nílé", nítorí pé kò sí owó oṣù nídìí rẹ̀.

Bàbá Ìbejì darapọ̀ mọ́ wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì fara mọ́ ohun tí à ń ṣe. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ bí wọ́n bá rí i pé ó jókòó sílé ọdún méje nítorí ọmọ, wọn ò ní kà á dé ìsàlẹ̀." N kò lè sọ pé irọ́ ló ń pa. Mo ti jókòó síbi tí wọ́n ti ya CV sọ́tọ̀ nítorí irú ìyẹn gan-an, mo sì ti jà lórí rẹ̀ nígbà míì tí n kò borí. Ohun tí mo sọ fún un ni pé ẹni tí kò bá ní gbà á nítorí ọmọ kò ní gbà á náà lọ́jọ́ tí Kẹ́hìndé bá ṣàìsàn, ó sì sàn kí wọ́n jọ mọ̀ ọ́n kó tó wọ ọkọ̀ lọ. A kọ ìlà kan péré: 2017, mo dá iṣẹ́ oṣù dúró láti tọ́jú ẹbí. A kò ṣàlàyé, a kò tọrọ àforíjì. Iṣẹ́ alájẹṣẹ́kù tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀.

Àṣìṣe mi wà níhìn-ín, mo sì fẹ́ kó wà nínú àkọsílẹ̀ yìí. Mo ní kó yọ títa oúnjẹ kúrò. Mo rò pé yóò mú kí iṣẹ́ tó kù fúyẹ́ lójú àwọn tó ń kà á. Ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ fi iṣẹ́ tó bọ́ àwọn ọmọ òun pamọ́. A fi ìlà méjì sílẹ̀ nípa rẹ̀, èmi kò sì fẹ́ràn rẹ̀.

VAT ló kù. N kò fẹ́ kó kọ ohun tí kò mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ilé ìtura kékeré ní Kubwa, ẹni tó ń bá a ṣe ìwé owó orí sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ìyá Ìbejì lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀ fún oṣù méjì, láìgba kọ́bọ̀, wọ́n sì fi TaxPro-Max hàn án. Òun ló fi VAT oṣù Kẹta ránṣẹ́ kí ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin tó pé, tó jẹ́ gbèdéke rẹ̀. Ó fi fótò ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní aago mọ́kànlá òru. Ìyẹn náà wọ inú CV, a sì kọ ọ́ gbangba pé kò gbowó níbẹ̀.

CV tuntun náà jẹ́ ojú ewé méjì. Orúkọ rẹ̀ àti ohun tó fẹ́ ṣe ni orúkọ fáìlì náà. Ímeèlì tuntun tó jẹ́ orúkọ rẹ̀ lásán dípò ti "sweetmummy" àtijọ́. Ìlà NYSC kan, nítorí kò sí agbanisíṣẹ́ tí kì í wá a.

Láàárín oṣù Karùn-ún sí ìparí oṣù Keje ọdún 2024, ibi 11 péré ló fi í ránṣẹ́ sí. Ó máa ń ka ìkéde kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, á sì gbé iṣẹ́ tó bá a mu jù lọ sókè. Wọ́n pè é ní mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́, ní Wuse, ìdánwò Excel orí kọ̀ǹpútà ni, àkókò tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Excel orí fọ́ọ̀nù ló ti mọ́ ọn lára jù. Èkejì, NGO kan, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n sì mú ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹta ni ọ́fíìsì akáúǹtì ilé ìwé aládàáni kan ní Gwarinpa.

Ìyáàfin tó ni ilé ìwé náà kò béèrè ọdún méje. Ìlà méjì tí mo ní kó yọ yẹn ló mú ojú rẹ̀ dúró. Ó ní, "Àwọn òbí ń jẹ wá lówó. Ìwọ tí o ń ta tòmátò ní àwìn fún ilé 31, báwo lo ṣe ń gba owó rẹ láìbá wọn jà?" Ìyá Ìbejì ṣí fọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fi àwọ̀ pupa inú Excel hàn án. Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn nìkan fún ìdajì wákàtí.

Wọ́n gbà á fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ láti fi wò ó, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Owó rẹ̀ kò tó èyí tó fọkàn sí, ọkọ̀ méjì ló sì ń wọ̀ débẹ̀. Ó ṣì ń lọ sí Zuba ní Sátidé.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025 ó fi CV rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n ti fún un ní lẹ́tà pé ó ti di òṣìṣẹ́ gidi, ó sì ti fi ilé ìwé náà kún un fúnra rẹ̀, pẹ̀lú iye owó ilé ìwé tó ti gbà wọlé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo wá lè kọ 'títí di òní' síbẹ̀ báyìí?"

Mo ní kó kọ ọ́.